Kí ni dókítà ń wá nínú purotéènì ẹ̀jẹ̀ ẹni tí páńkíríàsì rẹ̀ wú?

Bí inú bá ń run àgbàlagbà ní Ìbàdàn, tó fi ọwọ́ di òkè ìdodo mú, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé ni ọ́sà. Ẹnì kan á sáré lọ ra oògùn olómi funfun ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ẹlòmíràn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí wọ́n lọ wá àgbo wá. Nígbà mìíràn ọ́sà náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irora kan wà tó máa ń dé lójijì láàárín òkè ikùn, tó máa ń gún èèyàn yọ sí ẹ̀yìn, tí èébì máa ń bá rìn, tí aláìsàn kò sì ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ nítorí rẹ̀. Bó bá jókòó tó tẹ̀ síwájú ló máa ń rọ̀ ọ́ díẹ̀. Bí irú ìyẹn bá dé, tó lo wákàtí púpọ̀ tí kò lọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Páńkíríàsì ló yẹ kí wọ́n fura sí.

Ohun tó sì ń dà àwọn ará ilé láàmú nígbà tí wọ́n bá dé wọ́ọ̀dù ni gbólóhùn kan tí dókítà máa ń sọ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta: "Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màmá ti lọ sílẹ̀." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹyin sísè, mílíìkì àti mọ́ínmọ́ín á ti kún orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ìfẹ́ ló fà á, kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Àmọ́ ohun tí dókítà sọ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n gbọ́. Kò ní màmá kì í jẹun tó. Ohun tó ń sọ ni pé àmì kan ti hàn nínú ẹ̀jẹ̀ pé àìsàn yìí lè fẹ́ le, kí gbogbo wa la ojú sílẹ̀. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìwádìí lórí irú àmì bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i, pàápàá láti ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì yẹ kí àwa náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ àti bó ṣe kàn wá níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ páńkíríàsì fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn àpòlúkù ló wà, ó nà gbọọrọ ní ìbú, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń ṣe ínsúlínì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ṣe omi kan tó ń ṣàn lọ sínú ìfun láti fi yọ́ oúnjẹ tí a bá jẹ. Àwọn èròjà inú omi yìí lágbára débi pé wọ́n lè yọ́ ẹran ara èèyàn pàápàá, ìdí nìyẹn tí páńkíríàsì fi ń tọ́jú wọn ní sísùn títí wọ́n á fi dé inú ìfun kí wọ́n tó jí. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nínú àìsàn yìí, ọ̀bẹ náà gbẹ́ ẹ. Àwọn èròjà yẹn jí kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páńkíríàsì tó ṣe wọ́n. Ibẹ̀ á wú, ara á gbọ́, á sì dìde ìjà. Ìjà tí ara dìde yìí, bí kò bá mọ níwọ̀n, ló máa ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti kíndìnrín ní jàǹbá tó ju ti páńkíríàsì fúnra rẹ̀ lọ.

Òkúta inú àpò òróòro àti ọtí ni olórí ohun tó ń fà á káàkiri ayé. Òkúta kékeré á yọ́ jáde nínú àpò òróòro, á há sí ẹnu ọ̀nà tí òróòro àti omi páńkíríàsì jọ ń gbà wọ inú ìfun. Níbí, ó yẹ ká máa rántí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS: ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tètè fọ́, ohun tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ náà sì máa ń di òkúta nínú àpò òróòro láti kékeré. Bí inú bá ń run irú ẹni bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á ní kíráísìsì ló dé, wọn ò ní ronú kan páńkíríàsì. Ní ti ọtí, mo fi páràgà àti àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ sílẹ̀ kún un. Egbò tó wà nínú ìgò kò sọ ọtí inú rẹ̀ di omi. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà: ọ̀rá tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn kan kan, ọwọ́ ọ̀kadà tó gún èèyàn ní ikùn nígbà ìjàǹbá, kódà aràn gígùn tó bá yọ́ wọ ẹnu ọ̀nà omi páńkíríàsì. Ní erékùṣù Trinidad, àkéekèé kan wà tí oró rẹ̀ ń fa àìsàn yìí. 

Àìsàn páńkíríàsì kì í ṣe àlejò nílùú yìí o. Ní 1969, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Medical Journal, tẹ ìròyìn kan jáde láti Ìbàdàn, èyí tí Olurin àti Olurin kọ, lórí aláìsàn 45 tí páńkíríàsì wọn ti di olókùúta. Ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ti òjijì tí mò ń sọ níbí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà wa ti ń bá ẹ̀yà ara yìí fà á.

Orúkọ àìsàn kò sọ ibi tó ń lọ

Àyẹ̀wò méjì tí wọ́n fi ń dá àìsàn náà mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni amylase àti lipase. Àwọn náà jẹ́ purotéènì, wọ́n wà lára àwọn èròjà tó ń yọ́ oúnjẹ. Bí páńkíríàsì bá wú, wọ́n á tú dà sínú ẹ̀jẹ̀. Òfin tí àwọn dókítà ń lò ni pé nínú nǹkan mẹ́ta, kí méjì pé: irora tó jọ ti páńkíríàsì, amylase tàbí lipase tó tó ìlọ́po mẹ́ta ibi tó yẹ kó ga dé, àti ohun tí àwòrán bá fi hàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí nìyí. Wọ́n á wo èsì, wọ́n á rí i pé amylase ga fíofío, wọ́n á ké pé ó ti bàjẹ́. Gíga rẹ̀ kò sọ bí àìsàn ṣe le tó. Ẹni tí tirẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá lè máa rẹ́rìn-ín lọ sílé lọ́jọ́ kẹrin, ẹni tí tirẹ̀ fi díẹ̀ kọjá ìlọ́po mẹ́ta sì lè bá ara rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. Bí wọ́n bá ti fi dá àìsàn mọ̀, kò sí èrè nínú kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ láti tún amylase yẹ̀ wò, kí owó ará ilé sì máa lọ.

Kí ló wá ń pín àwọn aláìsàn níyà? Ìlànà tí àwọn oníṣègùn àgbáyé tún ṣe ní 2012, tí wọ́n ń pè ní ìlànà Atlanta, pín àìsàn yìí sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó rọrùn, èyí tó le díẹ̀ àti èyí tó le gan-an. Bí ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn tàbí kíndìnrín bá kọṣẹ́, tó sì ju wákàtí 48 lọ tí kò padà sípò, èyí tó le gan-an nìyẹn. Nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni tiwọn máa ń rọrùn, wọ́n á kúrò nílé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nínú àwọn tó le gan-an, ó kéré tán ẹnì kan nínú márùn-ún ló máa ń kú. Gbogbo akitiyan náà wá di pé: nígbà tí gbogbo wọn ṣì jọ wà lórí ibùsùn lọ́jọ́ kìíní, tí gbogbo wọn ń pariwo irora bákan náà, báwo la ṣe máa mọ ẹni tí yóò burú sí i?

Ẹni tó bá lówó lè ní kí wọ́n ya àwòrán CT lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò tíì yá. Láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ibi tó ti kú lára páńkíríàsì lè má tíì hàn lórí àwòrán, owó ńlá á lọ, èsì á sì máa tan èèyàn jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ní 1974, John Ranson, oníṣẹ́ abẹ ní New York, kó nǹkan 11 jọ tí dókítà lè kà, márùn-ún ní ọjọ́ tí aláìsàn dé, mẹ́fà yòókù kí wákàtí 48 tó pé. Albumin, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀rọ̀ mi dá lé, kò sí nínú tirẹ̀. Nígbà tó yá ni Clement Imrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow ṣe tiwọn, wọ́n sì fi albumin sí i: bó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ gíráàmù 32 nínú lítà kan, àmì ewu kan nìyẹn. Láti ìgbà náà ni purotéènì yìí ti wà lójú àwọn dókítà. Ohun tí àwọn ìwádìí òde òní fi kún un ni pé albumin nìkan, láìsí ìṣirò gígùn, ń sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo.

Ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀

Purotéènì méjì ló yẹ kí ará ilé mọ orúkọ wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni CRP. Tillett àti Francis ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1930 ní ilé ìwádìí Rockefeller, ní New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ń bá jà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é nígbàkígbà tí ara bá gbọ́ pé ìjà wà níbì kan. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, kì í tó nǹkan. Bí páńkíríàsì bá wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ṣùgbọ́n kì í yára: ó máa ń tó ọjọ́ kejì sí ìkẹta kó tó ga dé ibi tó ń lọ. Nítorí náà, CRP tí wọ́n yẹ̀ wò ní wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí irora bẹ̀rẹ̀ lè ṣì kéré kó sì fi ọkàn ẹni balẹ̀ lórí asán. Ní wákàtí 48, bó bá ti ju mílígíráàmù 150 lọ nínú lítà kan, àwọn dókítà á gbà pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà le. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ẹni tó ń bá jà. Ibà, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, egbò tó ń ṣọyún, gbogbo wọn ló lè gbé e sókè.

Èkejì ni albumin, òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé jù. Ẹ̀dọ̀ náà ló ń ṣe é, nǹkan bíi gíráàmù 10 sí 15 lóòjọ́, òun ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀. Ibi tó yẹ kó wà ni gíráàmù 35 sí 50 nínú lítà kan. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ń gbé oògùn, kálísíọ́mù àti oríṣiríṣi nǹkan kiri inú ara. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ níbí ni pé òun ló ń di omi mú sínú òpó ẹ̀jẹ̀ kó má baà jò sí ẹran ara.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí páńkíríàsì bá wú gidi. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Albumin á gba ibẹ̀ jáde, omi á tẹ̀ lé e. Ikùn á máa kún, omi á máa gbá jọ sí ìdí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú òpó á dínkù, kíndìnrín kò ní rí omi tó tó mọ́. Lákòókò kan náà, ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó máa ṣe albumin á pa iṣẹ́ yẹn tì díẹ̀ láti lọ ṣe CRP àti àwọn purotéènì ìjà. Méjèèjì jọ fa nọ́ńbà náà wálẹ̀.

Ìdí tí ẹyin sísè kò fi kan ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Albumin máa ń pẹ́ nínú ara. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá tilẹ̀ ṣe òmíràn rárá, nǹkan bí ọjọ́ 20 ló máa gbà kí ìlàjì èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó tán. Ebi ọjọ́ méjì kò lè gbé e láti 40 wá sí 29. Bó bá já wálẹ̀ báyẹn láàárín wákàtí 48, jíjò ni, ìjà ara ni, omi dírípù tó là á náà sì lọ́wọ́ sí i díẹ̀. Ohun tí ìwádìí púpọ̀ fi hàn ni pé bí albumin bá ti ń lọ sílẹ̀ sí láti ọjọ́ tí aláìsàn dé, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe sí pé ẹ̀yà ara kan á kọṣẹ́ tí kò sì ní tètè padà sípò, ikú náà sì ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi CRP pín pẹ̀lú albumin láti rí nọ́ńbà kan ṣoṣo: bí ọ̀kan ṣe ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, èsì ìpín náà á máa pọ̀ ju bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe yí padà lọ.

Bó ṣe yẹ ká ka nọ́ńbà náà ní Ìbàdàn

Ibi tí mo ti yapa díẹ̀ sí àwọn tó kàn ń gba ìlànà òkèèrè bó ṣe wà nìyí. Àwọn tí wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyẹn, albumin wọn dára kí àìsàn tó dé. Lọ́dọ̀ wa, ẹlòmíràn á ti ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B fà láti ọdún pípẹ́ tí kò mọ̀. Ẹlòmíràn, kíndìnrín rẹ̀ ti ń da albumin sínú ìtọ̀. Ìbàdàn mọ èyí dáadáa: láti ìlú yìí ni Hendrickse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé ní 1972 nípa àwọn ọmọdé tí oríṣi ibà kan bà kíndìnrín wọn jẹ́, tí albumin ń bá ìtọ̀ wọn lọ, tí ara wọn sì ń wú. Ẹni tó ń mu ọtí láìjẹun náà ńkọ́? Bí irú àwọn wọ̀nyí bá dé pẹ̀lú 31, ta ló mọ̀ bóyá páńkíríàsì ló fà á tàbí ohun tó ti wà nílẹ̀?

Nítorí náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí aláìsàn dé, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní wákàtí 48. Ẹni tó dé pẹ̀lú 31 tó ṣì wà ní 30 lọ́jọ́ kẹta kò dẹ́rù bà mí tó ẹni tó dé pẹ̀lú 41 tó ti di 31. Bí ará ilé bá ní èsì àtijọ́ nílé, bóyá ti ọdún tó kọjá nígbà tí wọ́n lọ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò, kí wọ́n gbé e wá. Bébà kékeré yẹn lè wúlò ju àyẹ̀wò tuntun olówó gọbọi lọ.

Ohun kejì ni ìlà tí wọ́n ń wò lórí èsì. Lórí bébà àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, ìlà méjì ló sábà máa ń wà: ọ̀kan fún àpapọ̀ purotéènì, ọ̀kan fún albumin. Ọ̀pọ̀ máa ń wo àpapọ̀, wọ́n á ní ó dára. Ní 1957, ọdún tí UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, ṣílẹ̀kùn, J. C. Edozien tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà ọmọ Nàìjíríà tí ara wọn le. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń fi hàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni pé globulin, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń gbógun ti àrùn, máa ń pọ̀ lára wa ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ, torí pé ibà àti aràn kì í jẹ́ kí ara sinmi. Globulin yìí lè bo albumin mọ́lẹ̀: àpapọ̀ á dùn ún wò, albumin á sì ti lọ. Ìlà albumin gan-an ni kí wọ́n wò.

Ẹ tún wo òṣùwọ̀n. Ilé àyẹ̀wò kan á kọ 35, òmíràn á kọ 3.5. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Èyí àkọ́kọ́ ka gíráàmù inú lítà kan, èkejì ka ti ìdámẹ́wàá lítà. CRP náà rí bẹ́ẹ̀: 150 níbì kan ni 15 níbòmíràn. Ẹni tó gba èsì kan lágbègbè UCH tó sì gba èkejì ní ilé àyẹ̀wò aládàáni nítòsí ilé rẹ̀ lè rò pé nǹkan ti dára lójijì. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣe méjèèjì níbì kan náà, torí aró tí wọ́n fi ń wọn albumin kò rí bákan náà níbi gbogbo, òmíràn sì máa ń ka nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀.

Kálísíọ́mù náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń wálẹ̀ nínú àìsàn páńkíríàsì, Ranson fi í sínú tirẹ̀, Imrie náà fi í sí i. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ ló so mọ́ albumin. Bí albumin bá lọ, kálísíọ́mù á dà bíi pé òun náà lọ, nígbà tí èyí tí ara ń lò gan-an ṣì pé. Dókítà ní láti ka méjèèjì pọ̀.

Ìgò albumin, dírípù àti oúnjẹ

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ṣé wọn ò lè fa albumin sí màmá lára ni? Ó wà lóòótọ́, nínú ìgò, ó sì wọ́n gan-an. Bí nǹkan bá jẹ́ àmì, dídá àmì náà padà kò fi dandan wo ohun tó fà á sàn. Ní 2014, ìwádìí ńlá kan ní Ítálì tí wọ́n pè ní ALBIOS fún àwọn tí àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ní albumin. Ó ju aláìsàn 1,800 lọ. Albumin inú ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ 28 fi pé, iye tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn tí wọn ò fún. Ti àwọn aláìsàn páńkíríàsì kọ́ nìyẹn, síbẹ̀ ó tó kìlọ̀. Ìdí kan lè wà tí dókítà fi máa kọ ọ́ fún aláìsàn kan; kí ará ilé má ta ilẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà kan wálẹ̀.

Dírípù ńkọ́? Fún ọdún púpọ̀, ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé kí omi máa rọ́ wọlé bí òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jò. Ìwádìí WATERFALL tó jáde ní 2022 láti Sípéènì, Íńdíà, Ítálì àti Mẹ́síkò da ìyẹn rú. Lára àwọn aláìsàn 249, àwọn tí wọ́n rọ omi fún kò sàn ju àwọn tí wọ́n fún níwọ̀n lọ. Omi sì pọ̀ jù lára ìdá 20.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nígbà tó jẹ́ 6.3 péré lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Wọ́n tètè dá ìwádìí náà dúró nítorí èyí. Ará ilé tó ń bá nọ́ọ̀sì jà pé dírípù kò yára tó, ẹ rọra.

Oúnjẹ wá ńkọ́, níwọ̀n bí mo ti fọwọ́ rọ́ ẹyin tì? Ìlànà àtijọ́ ni kí aláìsàn páńkíríàsì má jẹ nǹkankan títí ìrora á fi lọ. Wọ́n ti yí i padà. Bí èébì bá ti dá, tí aláìsàn sì lè gbé e mì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ láàárín ọjọ́ kìíní. Ẹni tí kò bá lè jẹ, kí wọ́n fi rọ́bà tínrín gba imú gbé oúnjẹ dé ìfun. Ẹ̀kọ tútù tàbí ọ̀gì tí ọ̀rá kò pọ̀ nínú rẹ̀ dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìfun tí oúnjẹ ń gbà kọjá kì í jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ ráyè jò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe nítorí àti gbé albumin sókè.

Níbi tí àyẹ̀wò bá ti kọṣẹ́

Kí n sọ òótọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Àyẹ̀wò lè má ṣeé ṣe lóru, owó lè má sí lọ́wọ́, CRP kò sì sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Albumin rọrùn láti rí jù, torí inú àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ló ti máa ń jáde. Bí mo bá ní kí n yan mẹ́ta péré tí owó ará ilé á gbé, màá yan albumin, yúríà inú àyẹ̀wò kíndìnrín, àti ìpín ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó. Yúríà tó ń gòkè láàárín ọjọ́ kan sí èkejì burú gidi.

Àwọn àmì kan sì wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: ìlù ọkàn tó ju 90 lọ ní ìṣẹ́jú kan, èémí tó ju 20 lọ, ara tó gbóná ju 38 lọ tàbí tó tutù wá sí ìsàlẹ̀ 36. Bí méjì nínú ìwọ̀nyí bá wà tí wọn ò lọ fún ọjọ́ méjì, àìsàn náà ń le nìyẹn, kódà bí ilé àyẹ̀wò bá ti tilẹ̀kùn. Ìtọ̀ náà kò ná nǹkan. Ẹni tó wọn kílò 60 yẹ kó máa tọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan. Bí àpò ìtọ̀ bá ń gbẹ, kí wọ́n pe dókítà, kí wọ́n má dúró de àárọ̀. Fún ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Mọ́níyà tàbí Olúnlóyọ̀, àwọn àmì wọ̀nyí ló yẹ kó sọ ìgbà tí wọ́n á gbé aláìsàn lọ sí UCH, níbi tí ibùsùn ìtọ́jú àkànṣe wà. Kí wọ́n gbé e nígbà tí albumin ń já bọ̀ tí aláìsàn ṣì ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n má dúró dìgbà tí èémí bá di wàhálà.

Ẹ má sì gba nọ́ńbà bí ìdájọ́. Àwọn kan wà tí albumin wọn lọ sílẹ̀ gan-an tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn rìn lọ sílé, àwọn kan sì wà tí tiwọn dára lọ́jọ́ kìíní tí ohun tó ń bọ̀ kò hàn nínú rẹ̀. Àmì yìí ń sọ ẹni tó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa yà wò ní wákàtí wákàtí, kò sọ ẹni tó máa kú.

Kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n ti ṣe skáàn àpò òróòro. Bí òkúta bá wà níbẹ̀ tí àìsàn náà sì rọrùn, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa yíyọ àpò náà kí aláìsàn tó lọ sílé: ìwádìí kan ní ilẹ̀ Netherlands tó jáde ní 2015 rí i pé nínú àwọn tí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú tàbí tó tún padà sílé ìwòsàn nítorí òkúta yẹn, nígbà tó jẹ́ ìdá 5 lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n tètè ṣe é fún. Ní ti albumin, kò ní padà sípò lọ́jọ́ tí irora bá lọ. Á gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí wọ́n bá tún un yẹ̀ wò ní kílíníìkì lẹ́yìn oṣù méjì tó ṣì wà nísàlẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ wò, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n sì bi aláìsàn bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ bí ọ̀rá, tó ń léfòó lórí omi, torí ó lè jẹ́ pé páńkíríàsì náà kò ṣe omi tó ń yọ́ oúnjẹ tó mọ́.